Ọwọ́ méje ni Gold's Gym ti gbà kọjá: àkọsílẹ̀ fún àwọn onílé ìdárayá ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní oṣù Keje ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti mú kí wọ́n ti ilé ìdárayá pa káàkiri ayé, wọ́n ta Gold's Gym ní gbàǹjo lábẹ́ àṣẹ kóòtù ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ará Jámánì ló rà á: RSG Group, iléeṣẹ́ tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Berlin. Mílíọ̀nù 100 dọ́là ló fi gbà á. TRT Holdings tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 158 dọ́là lórí rẹ̀ ní 2004. Orúkọ náà ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, síbẹ̀ iye tí wọ́n tà á já wálẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan Ògbómọ̀ṣọ́ nínú rẹ̀. Ó kàn wá gan-an. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan tó ní ilé ìdárayá nílùú yìí ṣírò owó wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní jíìmù sí Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá LAUTECH, yunifásítì ìlú wa. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan láti Ìbàdàn ránṣẹ́ sí i pé òun fẹ́ ra jíìmù náà tòun ti orúkọ rẹ̀, kí òun fi ṣí ẹ̀ka sí Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn àti Ìlọrin. Ọmọkùnrin tó ni jíìmù náà gbé ìwé àdéhùn náà wá fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Owó ọ̀hún pọ̀ o.” Lóòótọ́ ni owó náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìwé yẹn, mo rí i pé ojú ewé rẹ̀ kún fún bẹ́ǹṣì, irin, dígí àti jẹnẹrétọ̀; ìlà kan péré ni wọ́n fún orúkọ. Bẹ́ẹ̀ orúkọ ni ẹni yẹn ń wá. Bẹ́ǹṣì wà ní Ìbàdàn. Ohun tí kò sí ní Ìbàdàn ni orúkọ tí àwọn ọmọ LAUTECH ti fi ọdún mélòó kan gbé kiri, oríkì tí ìyá àgbà ọmọkùnrin yìí fi ń kì í láti kékeré, tó sì fi sọ jíìmù rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìtàn Gold's Gym. Kò sí ilé ìdárayá mìíràn tí mo mọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ ohun tí ènìyàn ń tà nígbà tó bá ta irú iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó jó irin pọ̀

A bí Joe Gold ní 1922 ní Los Angeles. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì jagun nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń gbé irin. Ó wà lára àwọn tó máa ń péjọ sí etíkun Santa Monica, níbi tí wọ́n ń pè ní Muscle Beach, tí wọ́n ń gbé irin, tí wọ́n ń tàkìtì, tí èrò sì ń dúró wò wọ́n. Ní 1965, ó ṣí ilé ìdárayá kan sí Pacific Avenue ní Venice, níbi tí kò jìnnà sí òkun. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ló fi pè é.

Ilé náà kò lẹ́wà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló dára, torí Joe Gold fúnra rẹ̀ ló ń gé irin tó sì ń jó o pọ̀, ó sì mọ ibi tó yẹ kí irin ti kan ara nítorí òun náà ń gbé e. Ẹni tó bá mọ jíìmù wa níbí mọ ohun tí mò ń sọ. Wẹ́dà àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ǹṣì wa. Ọ̀pọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agolo tí wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sí, tí wọ́n ti páìpù bọ àárín rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́, bẹ́ǹṣì ló rò pé òun ń ṣe. Kì í fura pé orúkọ ń hù lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn agbéirin ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá síbẹ̀. Arnold Schwarzenegger, tó ti Austria dé Amẹ́ríkà ní 1968, di ọ̀kan nínú wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń làágùn nínú ilé kan, ilé náà kò nílò pátákó mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ yóò béèrè ọ̀nà rẹ̀ fúnra wọn.

Ní 1970, Joe Gold ta ilé náà, ó sì padà sójú omi. Èmi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, tó ń gba owó, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó tún ń yanjú ìjà láàárín àwọn oníbàárà, ó lè rẹ̀ ẹ́. Mo ti rí i lójú àwọn ọmọ wa níbí. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Joe Gold ni pé nígbà tó ń ta ilé àti irin, orúkọ ìdílé rẹ̀ bá wọn lọ, kò sì sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà tó fi àyè sílẹ̀ fún un láti padà lò ó.

Àwọn méjì tó rà á kò pẹ́ nídìí rẹ̀. Kí ìdajì àwọn ọdún 1970 tó pé, ó ti di ti Ken Sprague, tí òun náà jẹ́ agbéirin. Lásìkò rẹ̀ ni nǹkan yí. Ní 1973, Ric Drasin, tó ń gbé irin nínú ilé náà, ya àwòrán ọkùnrin apárí kan tó gbé irin tó wúwo débi pé irin náà tẹ̀. Wọ́n tẹ àwòrán yìí sára tí-ṣẹ́ẹ̀tì. Ní 1977, fíìmù kan jáde lórí Schwarzenegger àti àwọn tó ń bá a díje, ayé sì rí inú ilé náà fúnra wọn. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tí kò gbé irin rí náà ń wọ ẹ̀wù Gold's Gym lọ sọ́jà.

Ẹ fara balẹ̀ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nígbà yẹn. Ilé kan ṣoṣo ni o. Kò ní ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti rìn ju ibi tí ẹsẹ̀ oníbàárà rẹ̀ lè dé lọ.

Lẹ́yìn náà ni Joe Gold padà wálé, ó fẹ́ ṣí ilé ìdárayá mìíràn. Kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Orúkọ tí baba rẹ̀ bí i sí, tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, ti di dúkìá ẹlòmíràn bó bá ti kan ọ̀rọ̀ ilé ìdárayá. Ó sọ tuntun ní World Gym, ó fi ìnàkí tó gbé ayé lọ́wọ́ ṣe àmì rẹ̀. World Gym náà gbilẹ̀, Schwarzenegger gan-an sì bá a lọ síbẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Joe Gold kú ní oṣù Keje 2004, ẹni ọdún 82. Ọdún yẹn kan náà ni TRT san mílíọ̀nù 158 dọ́là lórí orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ apá yìí fún ọmọkùnrin tó ni jíìmù Under-G, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé tí mo bá tà á báyìí, mi ò ní lè fi oríkì mi ṣí òmíràn?” Mo ní, “Bó ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n fún ẹ yìí, o ò lè fi ṣí i. Kì í ṣe nílùú yìí nìkan, kò sí ibi tí o ti lè fi ṣí i.”

Àwọn tó yá orúkọ fún ẹlòmíràn

Bí àwọn ọdún 1970 ti ń parí lọ, Sprague ta ilé náà fún Pete Grymkowski. Ed Connors àti Tim Kimber dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn mẹ́ta yìí rí ohun tí àwọn tó ṣáájú wọn kò rí: pé ẹni tó wà ní ìlú òkèèrè tó ti ń wọ ẹ̀wù Gold's Gym yóò fẹ́ láti wọ inú Gold's Gym, àti pé wọn kò ní láti fi owó ara wọn kọ́ ọ fún un.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti lọ jẹ́ẹ́jẹ́, torí ibí ni ìdàgbàsókè náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ká sọ pé ẹnì kan ní ìlú mìíràn fẹ́ ní Gold's Gym tirẹ̀. Òun ni yóò wá ilé, òun ni yóò sì buwọ́ lu ìwé háyà. Òun ni yóò ra irin, tí yóò gba òṣìṣẹ́, tí yóò san owó iná. Bí oníbàárà kò bá wá, òun ni ebi yóò pa. Bó bá jẹ gbèsè, ọrùn rẹ̀ ni gbèsè náà wà. Àwọn tó ni orúkọ yóò fún un ní àṣẹ láti lo orúkọ àti àwòrán apárí náà, wọn yóò sì fi ìlànà iṣẹ́ hàn án. Òun yóò san owó kan nígbà tó bá ń wọlé, yóò sì máa san òmíràn níwọ̀n ìgbà tó bá fi ń lo orúkọ náà.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí tí ilé kan fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín ogún ọdún, ní Amẹ́ríkà àti lókè òkun. Àléébù wà nínú rẹ̀ o. Bí ẹnì kan tó yá orúkọ bá jẹ́ kí ilé rẹ̀ dọ̀tí, tàbí kó gba owó oníbàárà kó sálọ, orúkọ gbogbo wọn ló bàjẹ́. Nítorí náà ẹni tó ń yá orúkọ fúnni gbọ́dọ̀ lágbára láti gbà á padà. Ìwé tí kò bá ní apá yẹn, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè fọwọ́ sí i.

Ní 1999, Brockway Moran & Partners ra Gold's Gym. Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kó owó àwọn olówó jọ, á fi ra iléeṣẹ́, á tún un ṣe kó lè níye lórí sí i, á sì tà á láàárín ọdún díẹ̀. Kì í rà á láti fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni TRT gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. TRT jẹ́ ti Robert Rowling, olówó ará Texas, òun náà ló ni òtẹ́ẹ̀lì Omni. Bí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ létí òkun California ṣe di ti Texas nìyẹn. Kò sí ohun tó burú nínú kí olówó tó ní òtẹ́ẹ̀lì ní ilé ìdárayá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tó ni ín kì í ṣe ẹni tó ń gbé irin mọ́, kò sì nílò láti jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó yá orúkọ, Gold's Gym tún ní àwọn ẹ̀ka tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, tó háyà ilé fún, tó ra ẹ̀rọ sí, tó ń san owó òṣìṣẹ́ wọn. Nínú nǹkan bí 700 ẹ̀ka tó ń jẹ́ orúkọ náà lágbàáyé, àwọn tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ kò tó 100. Nígbà tí nǹkan bá ń lọ dáadáa, irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ dùn, torí gbogbo èrè rẹ̀ ni tìrẹ. Ilé ìdárayá máa ń jẹun lára owó oṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ló ń sanwó tí kì í wá déédéé, àwọn yẹn ló sì ń jẹ́ kí àyè wà fún àwọn tó ń wá. Owó ilé, owó iná àti owó òṣìṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, yálà ogún ènìyàn ló wọlé tàbí igba. Ibẹ̀ ni èrè wà, ibẹ̀ kan náà sì ni ewu wà.

Ní oṣù Kẹta 2020, ilé ìdárayá tì káàkiri Amẹ́ríkà. Owó oṣooṣù dáwọ́ dúró. Owó ilé kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹrin, Gold's Gym kéde pé nǹkan bí 30 nínú àwọn ẹ̀ka tó jẹ́ tirẹ̀ kò ní ṣí mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ó gba kóòtù lọ lábẹ́ Orí 11 òfin ìwọko-gbèsè ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Orí 11 yẹn kò túmọ̀ sí pé iléeṣẹ́ ti kú. Iléeṣẹ́ ń bẹ kóòtù pé kí àwọn tí òun jẹ lówó má tíì wá kó ẹrù òun, kí òun rí àyè tún ètò ṣe tàbí kí òun ta ara òun. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ṣe pàtàkì fún ilé ìdárayá ju gbogbo rẹ̀ lọ: iléeṣẹ́ lè já ìwé háyà tó bá wúwo jù sílẹ̀, kí onílé lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń retí gbèsè wọn. Ẹni tó bá mọ bí háyà ilé ńlá ṣe rí ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń buwọ́ lu ìwé fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò mọ ìdí tí èyí fi tó ohun tí ènìyàn lè gba kóòtù lọ fún.

Àwọn tó yá orúkọ lò ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kóòtù yẹn kò kàn wọ́n. Ìyà Kòrónà jẹ àwọn náà, kálukú sì bá onílé rẹ̀ fà á. Ṣùgbọ́n ìwọko-gbèsè iléeṣẹ́ kò gbé wọn lọ, torí iṣẹ́ wọn kò sí nínú àpò rẹ̀. Ohun tó já iléeṣẹ́ náà kulẹ̀ wà lára àwọn ilé tó háyà fúnra rẹ̀, tí wọn kò tó ìdá kan nínú méje gbogbo ẹ̀ka. Ohun tí RSG sì dìde láti Berlin wá san mílíọ̀nù 100 dọ́là fún jẹ́ nǹkan bí 60 ẹ̀ka tó ṣẹ́ kù, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn tó lé ní 600 mìíràn ń lò, tí wọ́n sì ń sanwó lé lórí.

RSG náà ní ìtàn tirẹ̀. Rainer Schaller ló dá a sílẹ̀. Ó ṣí McFit àkọ́kọ́ ní Würzburg ní 1997, ilé ìdárayá olówó pọ́ọ́kú, ó sì sọ ọ́ di ńlá ní Jámánì. Ní oṣù Kẹwàá 2022, ọkọ̀ òfurufú kékeré tó gbé òun àti ìdílé rẹ̀ já sínú òkun lẹ́bàá Costa Rica, gbogbo wọn sì kú. Iléeṣẹ́ náà ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Gold's Gym nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. 24 Hour Fitness, tí Mark Mastrov dá sílẹ̀ ní California ní 1983, ni Forstmann Little rà ní 2005 ní bílíọ̀nù 1.6 dọ́là. Ní 2014 ó tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó mìíràn. Gbèsè rẹ̀ ń ga sí i, ilé tó háyà pọ̀ lọ súà, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yá orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹfà 2020, òun náà gba kóòtù lọ, ó sì ti ẹ̀ka tó lé ní 130 pa títí ayé. Kòrónà kò tiẹ̀ tíì dé nígbà tí Bally Total Fitness ti wọko gbèsè lẹ́ẹ̀mejì, ní 2007 àti 2008. Ní 2011, LA Fitness ra 171 nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní mílíọ̀nù 153 dọ́là. Orúkọ Bally, tí kò sí ilé ìdárayá tó tóbi tó o ní Amẹ́ríkà nígbà kan, pòórá lójú títì.

Ní Under-G

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tó tì, kì í ṣe Kòrónà la ó kọ́kọ́ rántí. LAUTECH ni. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990, nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò ní 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ni ín. Ọ̀rọ̀ owó tí wọn kò fẹnu kò lé lórí mú kí iṣẹ́ dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 àti 2017. Gbogbo ẹni tó ń tajà ní Under-G rántí rẹ̀: yàrá tó ṣófo, olóńjẹ tó ń kó ìkòkò wọlé, oní-fótókópì tó ń sùn sórí tábìlì. Ní oṣù Kọkànlá 2020, ilé ẹ̀kọ́ náà di ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan. Ìlú yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ohun tí ìyípadà olówó lè ṣe. A ti fi ara wa rí i.

Ilé ìdárayá tó bá gbẹ́kẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ewu yẹn ní gbogbo ìgbà. Ìyanṣẹ́lódì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Owó ilé ọdún kan tàbí méjì ni onílé sì ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí mo wo ohun tí ará Ìbàdàn yìí fẹ́ ṣe, ilé mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta, owó ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ ìsáré tó fẹ́ fi gbèsè rà, epo jẹnẹrétọ̀ tí kì í dínwó, àyà mi kò balẹ̀ fún un. Ó lè yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n bí kò bá yọrí, orúkọ ọmọ Under-G yìí ni àwọn ará Ìṣẹ́yìn yóò fi máa bú ẹni tó jẹ wọ́n lówó.

Mo sì gba ọmọ náà nímọ̀ràn pé kó má tà á. Kó yá a. Kó fi jíìmù Under-G sọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ará Ìbàdàn lo orúkọ ní Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn àti Ìlọrin, kó sì máa sanwó fún ìlò náà. Kí ará Ìbàdàn fi owó ara rẹ̀ háyà ilé tó fẹ́ lò.

Ó kọ́kọ́ bá mi jiyàn. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, owó ìlò yẹn kéré sí owó tí wọ́n fẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan.” Òótọ́ ló sọ, mi ò sì ní fi bò. Ẹni tó bá ní gbèsè tó ń lé e, tàbí tí ìyá rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, lè fẹ́ owó gidi lọ́wọ́ ju owó díẹ̀díẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kó ta bẹ́ǹṣì, kó ta dígí, kó ta jẹnẹrétọ̀, kó sì gba owó orúkọ lọ́tọ̀, kí iye rẹ̀ hàn lójú ìwé. Nínú ìwé tí wọ́n fún un, kò sí iye kankan níwájú orúkọ náà.

Ohun méjì tún wà tí ó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó buwọ́ lu ohunkóhun. Àkọ́kọ́, ó ti forúkọ jíìmù sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti òwò sílẹ̀, ó sì rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. CAC ń jẹ́ kó lè fi orúkọ náà ṣòwò. Kò fún un ní ẹ̀tọ́ tó lè fi dá ẹlòmíràn dúró bó bá fi orúkọ àti àmì kan náà ṣí jíìmù. Ẹ̀ka ìjọba tó ń forúkọ àmì ìdánimọ̀ sílẹ̀ ní Àbújá, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọrọ̀ ajé, ló ń fúnni ní ìyẹn. Ọdún méje ni ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ènìyàn lè tún un ṣe fún ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Bí kò bá ṣe é, tí ará Ìbàdàn sì kọ́kọ́ ṣe é, a jẹ́ pé òun ni yóò máa wá bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni yẹn kó tó lo oríkì ara rẹ̀.

Èkejì ni owó tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti san sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn san ti sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó yẹn kò tíì di èrè. Iṣẹ́ ni ó jẹ wọ́n. Bó bá ta jíìmù láàárín sáà, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n máa wọlé? Ìwé náà kò sọ ọ́. Mo ní kí ó ka iye àwọn tó ti sanwó tí àsìkò wọn kò tíì pé, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí olùrà buwọ́ lù ú pé òun gbà á sọ́rùn, tàbí kí ó yọ iye yẹn kúrò nínú owó tó ń gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló gbé orúkọ náà kiri fún un, kò yẹ kí wọ́n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ìyípadà olówó máa jẹ níyà.

Amòfin kan ti bá wa tún ìwé náà kọ. Apá tó gbà wá lákòókò jù ni apá orúkọ. Bí a ṣe kọ ọ́ nìyí: “Olùyá ní àṣẹ láti lo orúkọ yìí àti àmì rẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn àti Ìlọrin nìkan, fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó ni orúkọ kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti lò ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní ibikíbi mìíràn. Bí olùyá bá ti ẹ̀ka kan pa láì dá owó oníbàárà padà, àṣẹ náà parí lọ́jọ́ yẹn.” Ará Ìbàdàn ti fọwọ́ sí ìlà méjì àkọ́kọ́. Ìlà kẹta ló ní kí a jẹ́ kí òun lọ rò ó wò.